Orúkọ Ewé àti Iṣẹ́ Ewé: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ewé ti Pierre Fatumbi Verger Lójú Ìlànà Ìwòsàn Àdánidá

Ní ọdún 1995 ni ilé ìtẹ̀wé Companhia das Letras ní São Paulo gbé ìwé kan jáde tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo jẹ́ orí àkọlé rẹ̀: Ewé. Èdè Potogí ni wọ́n fi ṣe ìyókù àkọlé náà, o uso das plantas na sociedade iorubá. Pierre Fatumbi Verger tó kọ ọ́ ti pé ẹni ọdún 92 nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 1996, ó ti papò dà ní Salvador. Nínú àkọsílẹ̀ oògùn tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ tí ó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo, 447 ló yàn sínú ìwé náà.

Láti ìgbà náà ni ìwé yìí ti di ohun tí àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lẹ́yìn odi ń nawọ́ sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ewé. Ojú méjì ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn kan ń kà á bí ìwé awo, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò lò nílé òrìṣà. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó fẹ́ràn ìwòsàn àdánidá tí wọ́n ń pè ní natúrópátì, ń kà á bí àtòjọ egbògi: wọ́n wo orúkọ àìsàn lókè, wọ́n wo orúkọ ewé nísàlẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ojú kejì yìí ni ó yẹ kí a bá jiyàn, nítorí pé ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Bí ènìyàn bá ṣi ìwé ewì kà, ìtìjú ni yóò bá a. Bí ó bá ṣi ìwé àgbo kà, kíndìnrín ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí Verger kó jọ

Ayàwòrán ni Verger kí ó tó di ohun mìíràn. Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1902, ó dé Salvador ní ọdún 1946, ní nǹkan bí ọdún 1953 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Títẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń wá egbògi fún ilé ìpoògùn ni Verger fi wo ewé. Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá ni, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Ifá sì máa ń kọ́kọ́ gbà lẹ́nu olúwo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ kan jáde lórí ewé Ọ̀sanyìn. Ní ọdún 1972, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú L'Homme, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé, lórí bí ìró ọ̀rọ̀ ṣe ń gbé ìmọ̀ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn Yorùbá. Èrò tó wà nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn ló dàgbà di ìwé ọdún 1995.

Bí òǹkàwé bá ṣí apá tí oògùn wà, yóò bá orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí oògùn náà ṣe, odù Ifá tó ni ín, àwọn ewé, èèpo, gbòǹgbò tàbí èso tí a óò lò, ohun tí a óò fi wọ́n ṣe, bóyá kí a lọ̀ wọ́n ni, kí a gún wọn, kí a jó wọn, kí a fi ẹ̀kọ mu wọ́n tàbí kí a pò wọ́n mọ́ ọṣẹ dúdú. Lẹ́yìn náà ni ọfọ̀, níbi tí ọfọ̀ bá wà. Yorùbá àti Potogí ni a fi kọ wọ́n. Ọ̀nà mẹ́fà ni ó pín wọn sí: oògùn àìsàn, ti ìbímọ, ti òrìṣà, àwúre, àbìlù, àti ti ìdáàbòbò. Ní apá ìparí ni àtòjọ orúkọ ewé wà, láti Yorùbá sí orúkọ sáyẹ́ǹsì, àti láti orúkọ sáyẹ́ǹsì padà sí Yorùbá. Àtòjọ yìí nìkan tó ìwé kan. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti mọ irú ewé tí ìyá àgbà kan ń pè lórúkọ lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú, tí òun sì wà ní Toronto, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Verger.

Ìpìlẹ̀ àlàyé rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ó ní ìsopọ̀ wà láàárín orúkọ ewé, iṣẹ́ tí a rán ewé náà, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ọfọ̀. Ìró kan náà ló sì máa ń so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò ẹ̀rí púpọ̀ kí ó tó gbà. Àbámodá, ewé tó nípọn tí ọmọ rẹ̀ ń hù létí ewé ìyá, fi àbá àti dídá àbá sínú orúkọ ara rẹ̀. Patonmọ́, tí ewé rẹ̀ ń pa dé bí ọwọ́ bá kàn án, ń sọ nípa itan tí a pa mọ́. Àfòmọ́ kì í hù nílẹ̀. Ó fò mọ́ igi onígi. Bí babaláwo bá mú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, tí ó sì pè é lórúkọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu, kì í ṣe pé ó ń ṣe àpèjúwe ewé náà. Ó ń rán an níṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù nìyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi ṣàbùlà. Díẹ̀ ni àkójọ tó fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ pé àmì ohùn jẹ́ ara egbògi. Ẹni tó bá pe ewé láìsí ohùn, ewé mìíràn ni ó lè pè, tàbí kí ó má pe nǹkan kan rárá. Ìdí nìyí tí ìtumọ̀ Potogí, bó ti wù kí ó péye tó, fi dà bí àwòrán oúnjẹ lójú ẹni tí ebi ń pa. Kò sí ìró kankan tó so ọ̀rọ̀-ìṣe Potogí mọ́ orúkọ Látìnì tí ewé náà ń jẹ́. Òǹkàwé Potogí rí àṣẹ. Kò gbọ́ ìdí àṣẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi atúmọ̀. Bí ọmọ Yorùbá tí a bí sí Rio tàbí Manchester bá ń wá ìdí kan tí òun fi gbọ́dọ̀ kọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ìdí náà wà nínú ìwé yìí, ó sì lágbára ju èyí tí ìwé gírámà ń fún un lọ.

Ìbéèrè tí ìró kò dáhùn

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí Verger gbé kalẹ̀ tí kò yanjú. Ṣé ìró ni ó yan ewé, àbí ewé ti wà lọ́wọ́ kí a tó wá ìró fún un?

Èdè Yorùbá jẹ́ èdè tí sílébù kan ṣoṣo ti tó láti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Gbé, dá, pa, so, mọ́, wọ̀, tẹ̀, rọ̀: bí ọwọ́ ẹni bá dán mọ́rán nínú èdè, ekukáká ni yóò fi rí orúkọ ewé kan tí kò ní rí ọ̀rọ̀-ìṣe tó wúlò fún un nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìsopọ̀ orúkọ àti iṣẹ́ kò fi hàn pé orúkọ ni orísun iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìrírí ló kọ́kọ́ yan ewé, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ìran ti tọ́ ọ wò, tí àwọn kan jẹ èrè, tí àwọn kan sì jìyà. Ìró wá di okùn tí a fi dè é mọ́ ìrántí kí ó má baà sọnù. Verger fúnra rẹ̀ súnmọ́ èrò yìí nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1972, nítorí pé bí ìmọ̀ ṣe ń rìn láti ẹnu dé ẹnu ni ó ń wá níbẹ̀. Nínú ìwé ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èrò náà tì. Òǹkàwé tó bá kà á kíákíá yóò rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti tọ̀nà, ewé yóò jẹ́.

Igi kan wà tó dán èrò yìí wò gidigidi. Asofẹ́yẹjẹ ni. Orúkọ rẹ̀ sọ pé ó ń so fún ẹyẹ jẹ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn adáhunṣe ilẹ̀ Yorùbá ń lò fún wèrè. Rauwolfia vomitoria ni orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà yọ ohun tí wọ́n pè ní reserpine jáde láti ara ìbátan rẹ̀ kan ní India, ohun kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn adáhunṣe ṣe ń lo gbòǹgbò yìí fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín ọdún 1950 sí 1959, T. A. Lambo ti pe àwọn adáhunṣe wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn.

Ẹyẹ inú orúkọ yẹn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ọpọlọ tó dàrú. Ọfọ̀ lè so wọ́n pọ̀ bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Reserpine ń mú ara balẹ̀, ó ń mú oorun wá, ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀; bí ó bá sì pọ̀ jù, ìfúnpá lè já wálẹ̀ kọjá ààlà, ìbànújẹ́ líle sì lè dé bá ẹni tó ń lò ó. Ohun tó ya adáhunṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ní gbòǹgbò lọ́wọ́ ni pé ó mọ iye, ó mọ ìgbà, ó sì mọ ẹni. Ó ń wo bí aláìsàn ṣe sùn. Ó ń wo bí ó ṣe jẹun nígbà tó jí. Ó ń bi àwọn ará ilé léèrè kí ó tó tún fún un. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú orúkọ ewé, kò sí nínú ọfọ̀, kò sì sí nínú ìwé Verger. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà inú rẹ̀ kò sọ ìwọ̀n, wọn kò sọ iye ọjọ́, wọn kò sì sọ ohun tí a óò ṣe bí ara bá kọ̀ ọ́.

Orin ata tún fi nǹkan mìíràn kún un. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ohun tí ahọ́n gbọ́ nígbà tí a bá rin ín: ó ta bí ata. Ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs fi hàn nínú ìwádìí wọn pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ dòjé padà sí bí ó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Wọn kò nílò ọfọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín ọfọ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ẹnu àwọn tó ń rin orin náà ló darí ojú àwọn onímọ̀ sí igi yìí láàárín gbogbo igi inú igbó.

Natúrópátì àti igbó tí kì í ṣe ọ̀rẹ́

Níbi tí ìwé Verger ti dákẹ́ lórí ìtọ́jú ni natúrópátì ti wọlé láti fi èrò tirẹ̀ dí àlàfo náà. Ìtàn natúrópátì kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Sebastian Kneipp, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní Bad Wörishofen ní ilẹ̀ Jámánì, tó fi omi tútù, ewé àti ìrìn ẹsẹ̀ lásán lórí ìrì tọ́jú àwọn ènìyàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Benedict Lust, tó gbé ìlànà Kneipp dé New York, ni ó sọ orúkọ natúrópátì di ohun tí ayé mọ̀. Ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn natúrópátì ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí ìlànà mẹ́fà: pé àdánidá ní agbára láti wo ara sàn, pé gbòǹgbò àìsàn ni kí a wá, pé kí oníṣègùn má ṣe pa aláìsàn lára, pé olùkọ́ ni oníṣègùn, pé odindi ènìyàn ni à ń tọ́jú, àti pé dídènà àìsàn sàn ju wíwò ó lọ.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́yìn odi ń gba ìlànà wọ̀nyí bí ẹni pàdé ìbátan. Ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kí jẹ̀díjẹ̀dí tó dé mọ ohun tí dídènà àìsàn jẹ́. Babaláwo tó bi aláìsàn léèrè nípa ilé, nípa àna, nípa ìpín tí ó yàn, odindi ènìyàn ni ó ń wò. Anthony Buckley, nínú Yoruba Medicine tó jáde ní ọdún 1985, ṣàlàyé pé lójú àwọn adáhunṣe tí ó bá ṣiṣẹ́, kòkòrò ti wà nínú ara láti ilẹ̀, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀; ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù tí wọ́n kọjá àyè wọn ni àìsàn dé, egbògi kíkorò sì ni à ń fi dín wọn kù. Oníṣègùn natúrópátì tó ń sọ nípa ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ara yóò gbọ́ ohùn tó jọ tirẹ̀ nínú èyí.

Ìjọra náà dópin níbi ìlànà àkọ́kọ́. Natúrópátì gbà pé ire ni àdánidá ń fẹ́ fún ènìyàn. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Igbó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni; ewé ń jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an, ó sì tún ní ìwà tirẹ̀ tí a kò rán an. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìpín karùn-ún ìwé Verger, ìyẹn àbìlù, níbi tí ó ti kọ oògùn ibi sílẹ̀ láìbò ó. Àwọn kan ti ń fẹ́ kí ó ti yọ apá yìí kúrò. Wọn kò jàre. Bí ó bá yọ ọ́, ìwé náà ìbá di ọgbà òdòdó, akẹ́kọ̀ọ́ ìbá sì rò pé ọwọ́ ire nìkan ni Ọ̀sanyìn fi ń ja ewé. Àwọn àbìlù wọ̀nyẹn wúlò jùlọ fún òǹkàwé tó fẹ́ràn natúrópátì, kì í ṣe kí ó lò wọ́n, bí kò ṣe kí ó rí i pé àwọn tó ni ìmọ̀ yìí kò fìgbà kan rò pé ohun tó ti inú ilẹ̀ hù kò lè pani.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i fi èyí hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan Yorùbá. Àwọn obìnrin tó fẹ́ dín ọ̀rá ara wọn kù gba oògùn tí ewéko ilẹ̀ China wà nínú rẹ̀. Stephania tetrandra ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Aristolochia fangchi ni a bá níbẹ̀. Ní èdè China, fangji ni orúkọ tí ewéko méjèèjì jọ ń jẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ṣáájú orúkọ náà ni a fi ń yà wọ́n. Kíndìnrín àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́, àwọn kan nínú wọn sì wá ní jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀. Ewéko tó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àdánidá láti orí dé ẹsẹ̀. Àṣìpè orúkọ ni ó fà á. Irú Aristolochia sì wà lórí àtẹ àwọn lékuléja ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ní gbòǹgbò gbígbẹ, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè yà kúrò lára gbòǹgbò mìíràn.

Bí orúkọ bá ṣòro tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè tó ní ìwé láti ẹgbẹ̀rún ọdún, báwo ni ti èdè tó rékọjá òkun nínú ọkọ̀ ẹrú? Ìrókò ilẹ̀ Yorùbá kò bá àwọn tó ń bọ ọ́ dé Bahia. Gameleira, igi kan nínú ìdílé ọ̀pọ̀tọ́, ni ó gba orúkọ rẹ̀ àti ọlá rẹ̀ níbẹ̀. Ní Cuba, ceiba ni wọ́n fún ní orúkọ Ìrókò, bẹ́ẹ̀ ceiba náà ni àràbà tí Yorùbá nílé mọ̀ sí igi ọ̀tọ̀. Àgbọn gba ipò obì ní Cuba, orúkọ obì sì wà lára rẹ̀ títí dòní. Nínú ìsìn, kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ẹni tó ń bọ igi ń bọ ohun tí igi dúró fún, ọgbọ́n ńlá ni ó sì jẹ́ pé àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn rí igi tí wọn yóò fi orúkọ náà pamọ́ sí. Nínú àgbo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ikùn kò mọ orúkọ. Bí ewé tó ń jẹ́ orúkọ kan ní Kétu bá yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Matanzas, ìlànà tí Verger gbà ní Kétu kò ṣeé mu ní Matanzas, kódà bí ọfọ̀ rẹ̀ bá pé tí ohùn rẹ̀ sì tọ̀nà. Ìwé Verger kò kìlọ̀ èyí tó bí ó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó mọ̀ ọ́n jù, nítorí pé láàárín Bahia àti Benin ni ó ti ń rìn fún ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn ẹnu tó sọnù

Àríwísí kan kù, bóyá òun ló sì wúwo jù. Nínú Ewé, ìlànà oògùn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í sọ̀rọ̀. Aláìsàn kò sí níbẹ̀. A kò rí adáhunṣe kan tó ní òun kò fara mọ́ ohun tí ẹnìkejì òun sọ, a kò sì rí ìyá kan tó ní òun lo ewé yìí fún ọmọ òun tí kò ṣiṣẹ́. Gbogbo ìlànà ló dúró ṣinṣin bí ẹni pé gbogbo babaláwo fẹnu kò. Ẹni tó bá ti jókòó rí lágbo àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ ìfẹnukò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé egbò ni kí a fi ewé kan wẹ̀, ẹnìkejì yóò ní kí ó má ṣe dán an wò.

Níbí ni ó ti yẹ kí a gbé ìwé Lydia Cabrera sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Havana ni wọ́n bí Cabrera sí ní ọdún 1899, ibẹ̀ náà ni ó sì ti tẹ El Monte jáde ní ọdún 1954. Duke University Press gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 2023. Nínú ìwé yìí, àwọn àgbà Lukumí àti ti Kóńgò ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ń ta ko ara wọn, wọ́n ń ṣe àwàdà, wọ́n ń ráhùn pé àwọn èwe kò mọ bí a ti ń kí igbó mọ́, wọ́n ń sọ ìtàn ẹni tí ewé gbà là àti ẹni tí kò gbà là. Lẹ́yìn àwọn orí gígùn wọ̀nyí ni àtòjọ ewéko wà, pẹ̀lú orúkọ wọn ní èdè Sípáníìṣì, ní Látìnì, ní Lukumí àti ní èdè Kóńgò. Kò tò ó létòlétò bí Verger. Òǹkàwé tó ń wá ewé kan yóò kọ́kọ́ la ìtàn mẹ́ta kọjá, kò sì sí ẹni tí kò ní bínú sí i nígbà kan. Ṣùgbọ́n inú rúdurùdu yẹn ni òǹkàwé ti ń gbọ́ ohun tí ìwọ̀n jẹ́, nítorí pé àgbà kan á ní ewé mélòó kan ni òun ń lò, òmíràn á sì ní ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọmọdé.

Àìlera tirẹ̀ ni pé àkọtọ́ Sípáníìṣì ni ó fi kọ Lukumí, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Ìsopọ̀ ìró tí Verger fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé yọ kò ṣeé gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nílé lè jókòó ti El Monte kí ó sì máa dá ohùn padà sórí àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó dùn, tó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà kò lè ṣe é. Àwọn ìwé méjèèjì pín ìmọ̀ kan sí méjì láìmọ̀: ohùn wà lọ́dọ̀ Verger láìsí ènìyàn, ènìyàn sì wà lọ́dọ̀ Cabrera láìsí ohùn. Ìwé kẹta tó ń tà ní ilé oúnjẹ àdánidá ní London àti ní Atlanta kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìtẹ̀jáde tuntun Ewé tó bá fẹ́ wúlò fún àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lẹ́yìn odi kò nílò kí ó fi oògùn kan kún 447 yẹn. Ohun tó nílò ni àkíyèsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan: ìlú tí a ti gbà á, ewé tí onímọ̀ ewéko rí gbígbẹ lọ́wọ́ kí ó tó fún un ní orúkọ Látìnì, bóyá ewé kan náà ni ó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Bahia àti ní Cuba, ohun tí ìwádìí ti rí nínú rẹ̀, ibi tí májèlé bá wà, àti bóyá mímu ni tàbí wíwẹ̀. Lára àwọn tó wà ní ìpín oògùn àìsàn ni ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ mú àwọn tí a ń mu. Àkójọ Verger wà ní Salvador lábẹ́ àbójútó Fundação Pierre Verger, nínú ilé tí ó gbé títí ó fi kú.